Ẹ̀wù Funfun Lẹ́yìn Àga

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka bí eku ṣe ń fara kan eku. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn eku funfun wà nínú àpótí gíláàsì, kámẹ́rà wà lókè orí wọn, ètò kan lórí kọ̀ǹpútà á sì fa ìlà yí eku kọ̀ọ̀kan ká. Bí ìlà méjì bá ti kan ara wọn, ètò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá oògùn tí a fún wọn ń mú wọn sún mọ́ ara wọn.

Ibẹ̀ náà ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń fi ojú ara rẹ̀ tún fídíò wò, kí ètò má baà purọ́ fún wa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a jọ ń ṣe é, ọkàn mi sì balẹ̀, àfìgbà tí dókítà ẹranko tuntun dé.

Ọkùnrin náà ga, ó sì mọ́ tónítóní. "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o!" Bó ṣe ń kí i láràárọ̀ nìyẹn. Ìyàwó ta? Ṣé àwa méjèèjì la jọ fẹ́ ẹ ni? Ó pa àwàdà kan lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí a délé, mo pa àwàdà yẹn gan-an. Ó ní, "Ṣé ẹ ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

Mo ń jowú. Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́?

Kámẹ́rà kan wà lókè yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́. Mo kó fídíò ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, mo gbé e fún ètò tó ń ka eku, mo sì ní kó máa tọ èèyàn mẹ́ta: èmi, dókítà ẹranko, àti ìyàwó mi, tí mo fún ní ìlà pupa. Ẹ̀wù funfun ni gbogbo wa ń wọ̀, bí àwọn eku wa.

Èsì jáde lọ́sàn-án. Ìyàwó mi àti dókítà ẹranko: ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, lọ́jọ́ Ọjọ́rú nìkan. Ojú mi ṣú. Mi ò tiẹ̀ ka ohun tó kù. Mo pe ìyàwó mi wọ ọ́fíìsì mi, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ àti ta lẹ fara kanra fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún?"

Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Ẹ fi ètò eku ṣọ́ mi?"

"Dá mi lóhùn!"

"Ẹ wo fídíò ẹ̀?"

Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má gba nọ́ńbà gbọ́ láìwo fídíò, mi ò wò ó.

Ó fa àga, ó jókòó, ó ṣí Ọjọ́rú. Dókítà ẹranko rèé, ó ń jẹ búrẹ́dì. Lára àga tó kan tiẹ̀ ni ẹ̀wù funfun kan wà, ìlà pupa yí i ká. Ẹ̀wù lásán. Kò lórí, kò lọ́wọ́.

"Èmi dà níbẹ̀?" ó bi mí. "Ooru mú mi, mo bọ́ ẹ̀wù kọ́ àga, mo bá tèmi lọ. Eku kì í bọ́ awọ sílẹ̀, ètò yín ò mọ̀ pé èèyàn ń bọ́ ẹ̀wù."

Inú mi dùn dé góńgó. "Má bínú, ìyá àwọn ọmọ mi. Iṣẹ́ èṣù ni."

"Ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ ná. Èsì mẹ́ta ló wà níbí, ọ̀kan péré lẹ kà."

Ó pa ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún náà rẹ́, bó ṣe máa ń pa àṣìṣe eku rẹ́. Ohun tó kù láàárín òun àti dókítà ẹranko ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ, nígbà tó gba ife lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Èmi àti dókítà ẹranko: odindi ìṣẹ́jú kan, torí ó fẹ́ràn kó máa gbá mi lẹ́yìn.

"Ó ku tàwa méjèèjì," ìyàwó mi ní.

Odo ni. Ọjọ́ márùn-ún, ìdí tábìlì kan náà, odo.

"Bóyá ètò tún ṣì í kà," mo ní.

Ó ṣí ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún mi. Mo rí i tó na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì. Mo rí ara mi tí mo fa ọwọ́ kúrò, mi ò tiẹ̀ wo ojú ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò, níbi tí dókítà ẹranko ti ń wọlé bọ̀.

"Kò ṣì í kà," ó ní.

Ó dìde, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga tó kan tèmi, ó sì jáde. Mo jókòó ti ẹ̀wù náà títí wọ́n fi wá ti ọ́fíìsì.