Odò Tí Màámi Fẹ́ Gbé Lọ sí Báńkọ́kì

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó tó fò lọ lọ́kàn mi. Ilé wa àtijọ́ la wà. Màámi ń múra pé ká jọ lọ wo ìlú Báńkọ́kì, ara wọn le koko, bí wọ́n ṣe rí kí àìsàn ikú yẹn tó dé. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta péré la ó lò, kí n má wulẹ̀ di ẹrù rẹpẹtẹ. Wọ́n ní orí omi ni wọ́n ti ń tajà níbẹ̀, "a kì í sì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo."

Ni wọ́n bá ká odò ẹ̀yìnkùlé wa nílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

"Di etí kejì mú, má jẹ́ kó wọ́ nílẹ̀."

Bí a ṣe máa ń ká aṣọ ìbora nígbà tí mo wà ní kékeré náà la ṣe é: a nà án, a ṣẹ́ ẹ po, a wá ń rìn bọ̀ wá pàdé ara wa. Omi kankan ò kán sílẹ̀. Màámi bú sẹ́rìn-ín: "Háà, o ti ga jù mí lọ!" Ó ku díẹ̀ báyìí kí ọwọ́ mi kan tiwọn, ni mo bá jí.