Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Àkọ́kọ́

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n pè yín," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé wí. Ó fi ìka ti bírò lọ síwájú Ìbíwùnmí lórí tábìlì.

Ìbíwùnmí kò fọwọ́ kan bírò náà. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ni ìwé tí àwọn panápaná àdúgbò wọn ní Mowe ń kọ àkókò sí: ìgbà tí ìpè wọlé, ìgbà tí wọ́n gbéra, ìgbà tí wọ́n dé ibi iná. Òun ló ń tọ́jú fóònù tí àwọn èèyàn ń pè, torí pé ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ kò jìnnà síbi tí wọ́n ń gbé pọ́ǹpù omi sí. Kò sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún un. Gbogbo wọn ló yọ̀ǹda ara wọn, nítorí pé kí ti ìjọba tó ti òkèèrè dé, ilé á ti jó tán.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kọjá aago méjì ni mo kọ síbẹ̀, sà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀. Ohun tí mò ń bá yín sọ gan-an nìyẹn." Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé ni alága àdúgbò, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ní Èkó. Kì í pariwo sọ̀rọ̀. "Àwọn ará káńsù fẹ́ rí ìwé yìí ní Owódé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n á rí i pé ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago mẹ́ta lù lẹ débẹ̀, wọ́n á sì bi wá pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n pè, ó di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré. Ta ló máa bínú sí ogún ìṣẹ́jú?"

"Wúlẹ̀mọ̀tù á bínú sí i, sà." Adépọ̀jù ló dáhùn, láti orí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kápẹ́ńtà ọmọ Ọ̀yọ́ ni, òun sì ni olórí àwọn panápaná náà. "Ìyá rẹ̀ ló kú."

"Ẹni tó kú ti kú, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn. Àwa tó kù ni mò ń rò. Ṣé èmi nìkan ni mo ti géètì ni? Ìpàdé la ti fẹnu kò sí i pé ká máa tì í lọ́sàn-án nítorí àwọn olè. Ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹ nawọ́ sókè."

Òótọ́ ni. Wọ́n nawọ́ sókè.

"Mi ò lè yí i padà, sà," ni Ìbíwùnmí wí. Ó pa ìwé náà dé, ó kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ nígbà tó wọlé, ó sì jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni iná náà ṣẹ́ yọ. Alhájà Sọ̀fíyátù ń dá gbé yàrá lọ́sàn-án látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù, a máa lọ ta bàtà ní Asese láti àárọ̀, Rosemary tó wà nílé kejì á sì máa yọjú sí ìyá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni iná mànàmáná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, fáànù pálọ̀ gbiná, aṣọ fèrèsé gbà á. Pálọ̀ yẹn nìkan lèèyàn ń gbà kó tó dé yàrá ìyá. Irin wà lójú fèrèsé yàrá náà, bó ti wà lójú fèrèsé gbogbo ilé àdúgbò. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ kànga. Àwọn tó wà nílé ń bu yẹ̀pẹ̀ dà sínú iná, Rosemary sì ń pe fóònù panápaná.

Nígbà tí Ìbíwùnmí gbé e, Adépọ̀jù ju ayùn sílẹ̀, Muqtadir tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n de táǹkì omi mọ́ já èrò rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n ti dé ẹnu géètì tí wọ́n fi dí apá òkè àdúgbò. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Àgádágodo wà lẹ́nu géètì. Ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Alága ní wọn ò gbọdọ̀ ṣí i kó tó di aago mẹ́rin. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn."

Wọ́n pe alága. Alága wà níbi ìsìn, ó ti pa fóònù rẹ̀. Èéfín ń lọ sókè níwájú wọn, kò ju òpópó méjì lọ. Adépọ̀jù fi òòlù lu àgádágodo títí èèkù òòlù fi kán. Ẹnì kan nínú wọn fo ògiri, ó sáré lọ, ṣùgbọ́n kí ni ọwọ́ òfìfo fẹ́ ṣe sí iná? Omi ni wọ́n ń retí. Ìgbẹ̀yìn ni Muqtadir yí kẹ̀kẹ́ padà, ó gba òpópónà márosẹ̀ lọ yípo, àárín àwọn tírélà tó dúró gbagidi. Ìbíwùnmí gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn. Rosemary ò yéé pè é.

"Màdáámù, ẹ ti dé ibo?"

"Wọ́n ti wà lọ́nà."

"Alhájà ṣì ń kígbe o. Ẹ ti dé ibo?"

Nígbà tí wọ́n dé, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi pa iná pálọ̀. Wọ́n bá ìyá nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Iná ò kàn án rárá, èéfín ló pa á. Rosemary sọ pé nígbà tí Márúwá yọ, kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ohùn rẹ̀ dákẹ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Bí Ìbíwùnmí àti Adépọ̀jù ṣe ń bọ̀ láti ilé alága, Adépọ̀jù dúró ní ìkóríta.

"Ìyá Láyọ̀mi, ẹ ṣeun," ló wí fún un. "Ojú ń tì mí nínú ilé yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe bí èèyàn. Tí gbogbo wa bá rí bíi yín, àdúgbò yìí ò ní bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára bí ata tó kó sí ojú. Ó ní òun ní aṣọ láti gé, ó sì yà.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kọjá aago méjì tó wà nínú ìwé náà, irọ́ ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, fóònù ń gba iná lọ́dọ̀ Ayọ̀níkẹ́ onídìrí tó tan jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá aago méjì ló kọ́kọ́ dún. Ayọ̀níkẹ́ pè é láti ojú ọ̀nà: "Ìyá Láyọ̀mi, fóònù yín ń dún o." Ìbíwùnmí wà lórí eékún, ó ń fi abẹ́rẹ́ olórí há etí aṣọ ìyàwó kan mọ́ ọn lára. Ó ní, "Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n parí èyí." Fóònù dákẹ́, ó tún dún, ó tún dákẹ́. Ó há abẹ́rẹ́ tó kù tán kó tó dìde lọ gbé e nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó di pé kó kọ ọ́ sínú ìwé, àkókò tó gbé fóònù ló kọ, kò kọ àkókò tó dún. Alága fẹ́ jí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Òun ti jí mẹ́rin ṣáájú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ibafo, sí ilé àbúrò ìyá tí Wúlẹ̀mọ̀tù sá lọ. Ó bá a lórí ẹní nínú pálọ̀, ó ń ká àwọn aṣọ díẹ̀ tí wọ́n yọ nínú iná. Òórùn èéfín ṣì wà lára wọn.

"Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù," ni Ìbíwùnmí wí. Ó jókòó sílẹ̀, kò dúró kí wọ́n fún òun ní àga. "Wúlẹ̀mọ̀tù, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo èèyàn ń sọ ti géètì. Òótọ́ ni, géètì gba ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́rin wà ṣáájú ìyẹn. Fóònù dún, mi ò gbé e."

Wúlẹ̀mọ̀tù ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"Mo mọ̀, mà. Àǹtí Rosemary ti fi fóònù wọn hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè kí ẹ tó gbé e."

"O ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí a sin wọ́n. Mo kàn ń wò ó bóyá ẹnì kan máa sọ ọ́." Ó gbójú sókè. "Kí lẹ ń ṣe nígbà tó ń dún?"

"Mò ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Mò ń há abẹ́rẹ́ sí i létí."

"Aṣọ náà wọ̀ ọ́?"

"Ó wọ̀ ọ́," ni Ìbíwùnmí wí.

Wúlẹ̀mọ̀tù mú aṣọ mìíràn. Ẹnì kan ń gún nǹkan lẹ́yìnkùlé.

"Ṣé wọn ì bá ti là á já, ká ní ẹ tètè gbé e?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò lè parọ́ fún ẹ. Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ sọ ọ́ ní Owódé lọ́jọ́ Ajé," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Ẹ sọ ti géètì, ẹ sì sọ ti yín. Àmọ́ ẹ má sọ fún wọn pé mo ti dárí jì yín o, torí mi ò tíì dárí jì yín."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀."

Wúlẹ̀mọ̀tù kò sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Ìbíwùnmí padà dé Mowe, kò yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó lọ bá Adépọ̀jù nídìí iṣẹ́, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ohun tó kọ sínú ìwé. Adépọ̀jù ń fá pákó ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́. Kò dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀ sí i.

"Mo sì ń yìn yín lójú ọ̀nà," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ ń yìn mí."

"Alága á yọ̀. Ẹ mọ̀ pé orí yín ni wọ́n máa dì í rù. Wọ́n á gbàgbé géètì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ gbé fóònù náà fún mi."

Ó mú un jáde nínú àpò, ó gbé e lé orí pákó. Adépọ̀jù gbọn èérún pákó kúrò lọ́wọ́, ó mú fóònù náà, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀. Kò wo ojú Ìbíwùnmí. Ó tún gbé ìfápákó rẹ̀, ó fá a lẹ́ẹ̀kan, ó tún dúró.

"Lọ́jọ́ Ajé," ló wí, "aago mélòó lẹ fẹ́ ká gbéra lọ sí Owódé?"

"Aago méje."

"Aago mẹ́fà ààbọ̀," ni Adépọ̀jù wí, ó sì padà sídìí pákó rẹ̀.