Ìpín Etí

"Ọ... mi dà?"

Ohùn bàbá dún láti inú fóònù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Ọmọ rẹ̀, tó gbé fóònù sétí ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, kàn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń wo bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì nílé, láti inú kámẹ́rà kékeré kan tó fúnra rẹ̀ kàn mọ́ igun àjà. Orí bàbá ló ń rí, kò rí ẹnu. Ìyá jókòó tì í, ó gbé fóònù sún mọ́ ọn.

Ó mọ ìbéèrè náà. Ọkọ̀ mi dà? Awakọ̀ ni bàbá kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọ ti tà á kí ìtọ́jú má bàa dúró. Kò tíì sọ fún un. Ìtìjú ọkọ̀ yìí ni kò jẹ́ kó lọ wò wọ́n látìgbà náà, ìpè ọ̀sán ló fi ń dí àlàfo náà.

Bàbá kò yéé bèèrè. Nígbà tó sú ọmọ, ó ní, "Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bàbá."

"Mẹ... kẹ̀?" Ìyá ló gba fóònù. "Kí ló... lọ́dọ̀ mẹ..."

"Mọ́mì, ẹ máà bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Ó rẹ̀ ẹ́. Irọ́ pípa rẹ̀ ẹ́. Èyí tó wá burú jù ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń dá lẹ́bi yìí, iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Àlọ́ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí kò sí ohun tó lọ́jú pọ̀ tí kì í jókòó tì. Èyí kò tú.

Àǹtí Òpó, ọ̀gá rẹ̀ tó ń bójú tó àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbé ife tíì kọjá. "Àlọ́ alágbẹ̀dẹ, irin yìí náà lo ṣì ń lù?"

"Àǹtí, ohùn bàbá mi ṣì ń já. Mo ti rò pé àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù ní àdúgbò wọn ló ń dí ọ̀nà."

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kó ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀. Ègé kéékèèké ni wọ́n ń gé ohùn sí, òun àti fídíò ló sì jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan. Ègé fídíò tó bá pẹ́, wọ́n lè dúró dè é. Ègé ohùn tó bá pẹ́, dídànù ni. Ọ̀rọ̀ á wá di akáyín.

"O yẹ òpó wọn wò?"

"Lọ́sàn-án, ńṣe ló ń hanrun, kò sí èrò lórí ẹ̀. Ilé wa jìnnà sí i lóòótọ́, ọ̀nà tó ti ilé jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹnì kan ò lè kún un."

"Fóònù ńkọ́?"

"Tuntun ni. Èmi ni mo rà á."

Fóònù dún. Ìyá ni. Kó tó gbé e, ó ṣí kámẹ́rà sójú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àǹtí Òpó na ọrùn wò ó.

"Níbo ni kámẹ́rà yìí ti ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Láti inú fóònù mọ́mì. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀, kí n lè máa..."

Ó wo àwòrán náà, ó wo fóònù.

"Àlọ́ ò!" Àǹtí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. "Ojú ẹ ti jẹ ìpín etí ẹ."

Ó pa àwòrán náà. Bàbá, ìyá, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn pòórá. Ó gbé fóònù. Ohùn bàbá wọlé, ó lọ́ra, ó wúwo, ṣùgbọ́n ègé kan ò dín níbẹ̀.

"Ọmọ mi dà?"

"O gbọ́ ọ?" Ìyá ti gba fóònù. "Ohun tó ń bèèrè láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Jọ̀ọ́, má sọ ti mẹkáníìkì fún un mọ́. Ó ń bi mí pé kí ló bàjẹ́ lára ẹ."