Ta Ló Kan Pákó Yìí?

"Òmùgọ̀ wo ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?" Gerrit ló ń bínú bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí igun yàrá, irin tó fi ń yọ ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wò ó, Marlys. Ó kan pákó tuntun lé orí èyí tó ti jẹrà! Kò tilẹ̀ wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Ó yẹ kí wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ onítọ̀hún títí ayé ni."

Marlys ìyàwó rẹ̀ ló ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Ó mọ ẹni tó kan pákó náà. Gerrit fúnra rẹ̀ ni, lọ́dún tí wọ́n ta ilé wọn tí wọ́n kó wọ inú ilé kékeré onítáyà yìí. Marlys ló tan iná fún un lọ́jọ́ náà, tí Gerrit ń súfèé, tó ń sọ pé òtútù ò ní rí àwọn mú mọ́. Àwọn á máa gbé Míṣígàn níbí nígbà ooru. Bí yìnyín bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn á so ilé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn á fà á lọ sí aṣálẹ̀ Arisónà, níbi tó móoru.

Yìnyín ọdún yìí kò ní pẹ́ dé. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà náà ti ń so ilé wọn mọ́ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí àwọn náà fẹ́ máa palẹ̀ mọ́ ni ẹsẹ̀ Gerrit jìn wọ inú pákó ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹ̀rù ń ba Marlys, kì í sì í ṣe nítorí ihò yẹn. Gerrit ti ṣìnà rí nígbà tó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra epo. Ó ti fi orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú pe Marlys rí. Marlys máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ mọ́, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa fa odidi ilé gba ọ̀nà márosẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà dé ìparí rẹ̀, kí òun sì jókòó tì í?

"Bóyá ẹni tó ta ilé yìí fún wa ni," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́.

"Ọ̀lẹ ni, olè ni! Òun àti Orrin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n." Orrin ni aládùúgbò wọn. Gerrit ò kí i mọ́ láti ọjọ́ tó ti ní Orrin yá ọ̀bẹ kékeré tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun, tí kò dá a padà. Orrin búra títí pé òun ò fojú kan ọ̀bẹ kankan.

Gerrit gbé ayùn oníná. Marlys rí i bí ẹnu ayùn náà ṣe yọ síta gbọọrọ. Gerrit yìí kan náà ló kọ́ ọ nígbà yẹn pé ẹnu ayùn kò gbọdọ̀ ju ìnípọn pákó lọ, nítorí páìpù gáàsì wà lábẹ́ igun yìí.

"Ayùn yẹn ò ti gùn jù?"

"Ṣé o fẹ́ kí n fi eyín gé e ni?"

"Gáàsì ńkọ́? Ṣé o ti tì í?"

"Gáàsì wo? Kò sí gáàsì níbí. Iwájú lọ́hùn-ún ni páìpù wà."

Kẹ́tù wà lórí sítóòfù, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Gerrit tẹ ayùn, ayùn ké tòò. Marlys ò mọ ìgbà tí òun fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

"Kí ló ń ṣe ọ́, obìnrin yìí?"

"Ẹ̀rù ń bà mí!"

"Ẹ̀rù kí ni? Ta ló ń tún nǹkan ṣe látìgbà tí mo ti fẹ́ ọ?"

"Ìwọ ni. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká fọwọ́ yọ ọ́. Èyí tó ti rà báyìí, kí ló fẹ́ fi ayùn ṣe?"

Ó pa sítóòfù, ó sáré jáde lọ ti sílíńdà gáàsì, ó padà wá kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀. Pákó náà ń já lọ́wọ́ wọn bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Páìpù gáàsì fara hàn, níbi tí ayùn ì bá gbà kọjá gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀bẹ kékeré kan wà, ó ti dípẹtà, èèkù rẹ̀ tí wọ́n fi egungun ṣe ti pọ́n.

Gerrit mú un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Báwo ló ṣe dé ibí?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Marlys: eku ló gbé e. Ṣùgbọ́n ó wo páìpù yẹn.

"Á jẹ́ pé ó bọ́ lápò rẹ nígbà tí ò ń kan pákó."

"Nígbà tí èmi..."

"Ìwọ ni, Gerrit. Èmi ni mo tan iná fún ọ."

Gerrit wo àwọn ìṣó náà, ó wo páìpù, ó wo ayùn.

"Mi ò rántí," ó ní. "Marlys, mi ò rántí rárá."

"Mo mọ̀."

"Kí ni mo tún ti gbàgbé?"

Marlys di ọwọ́ rẹ̀ tó dọ̀tí mú, wọ́n jókòó sí etí ihò náà, ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì.

Nígbà tó yá, Gerrit dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó máa ń wà lára ìgbànú rẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Marlys.

"Ìwọ lo máa wà á."

"Mi ò fa ilé rí!"

"Màá jókòó tì ọ́, màá máa júwe fún ọ." Ó ká ìka Marlys mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. "Tí mo bá ṣì í júwe, má dá mi lóhùn."

Ó mú ọ̀bẹ náà dání, ó ní òun ń lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Orrin. Marlys dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ. Gerrit dé àárín koríko, ó dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá bojú wẹ̀yìn.

"Èwo ni ilé Orrin nínú wọn?"

Marlys ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó jáde lọ bá a.