Ẹni tí Ń Jí Fadérera

Àpótí irin kékeré tí ń darí ẹ̀rọ omi ilé wà lórí tábìlì ìjẹun, Fadérera sì ń kí ọkọ Ìbídùnní láti inú rẹ̀. "Akínṣọlá mi, omi ti ń bọ̀ o." Fadérera ni ìyáálé, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí ó ti kú. Òun ló kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà inú àpótí náà máa ń kọ́kọ́ kà bí iná bá dé, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sí i. Orúkọ ọkọ ló ń pè gbàgàdà bẹ́ẹ̀, orúkọ tí Ìbídùnní kò dán wò rí. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ti Ìbídùnní ti gbẹ dé egungun.

Iṣẹ́ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe jẹun. Ó so tirẹ̀ mọ́ ọn, ó wá àṣẹ náà kàn, ó pa á. Ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, "Akínṣọlá mi, omi ti ń bọ̀ o." Ó tún pa á, ó tún jí. Nígbà kẹsàn-án, Fadérera yọ orí síta pẹ̀lú irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Kò ya Ìbídùnní lẹ́nu. Àlá kì í yani lẹ́nu.

"Ìyàwó, o ò mọṣẹ́," ni òkú wí. "Ẹni tí ń jí mi ni kí o wá."

Ó dùn ún wọra, nítorí òótọ́ ni. Ó bi àpótí léèrè ẹni náà, àpótí ní kí ó wọlé wá wò ó. Tábìlì di àtẹ̀gùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ gba inú wáyà pupa dé yàrá òun àti ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibùsùn níbẹ̀ mọ́. Akínṣọlá jókòó, ó tẹjú mọ́ Fadérera tí ó sùn sílẹ̀, ó ń ka oókan dé aárùn-ún. Bí ó bá pé aárùn-ún, a fọwọ́ kàn án léjìká, obìnrin náà a dìde, a kí i, a tún sùn.

"Olówó orí mi, ẹ̀yin ni?"

"Iṣẹ́ mi nìyí," ni Akínṣọlá dáhùn. Kò bojú wẹ̀yìn.

Bọ́tìnnì kan péré ni Ìbídùnní ìbá tẹ̀, ọkọ a dákẹ́, òkú a sì sùn lọ. Ṣùgbọ́n owú ní ohun mìíràn tí ó fẹ́ mọ̀. Ó wo orúkọ gbogbo ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí náà, ó rí tirẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Ó pa ara rẹ̀ bí ó ti ń pa àṣẹ Fadérera.

Ó ṣubú dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fadérera, ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ń kà. Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Ẹẹ́rin. Aárùn-ún. Fadérera dìde, ó kí i. Ìbídùnní dúró de ọwọ́ léjìká tirẹ̀. Ẹẹ́fà, ni ó kà fúnra rẹ̀. Eéje. Ó ti ń sún mọ́ igba nígbà tí Akínṣọlá na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé wọn lé e lẹ́yìn, bí ẹni tí ó gbẹ́sẹ̀ lé àpótí.