Ẹni Tó Ń Tún Aṣọ Rán

Bíléèdì ló kọ́kọ́ rí bó ṣe padà wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Ó ń dán gbinrin lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń já òwú apá ọ̀tún aṣọ ìgbéyàwó tí òun fúnra rẹ̀ rán parí láàárọ̀, fàá, fàá, bí ẹni ń tu ìyẹ́ adìẹ.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Ojoojúmọ́ ló máa ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án, kó lè lọ sinmi nílé. Ká ní kò gbàgbé kọ́kọ́rọ́ lónìí ni, kì bá tí mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò dìde, ó fẹ́ fi aṣọ náà pamọ́ sẹ́yìn, àmọ́ aṣọ ìgbéyàwó kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ibo ló fẹ́ fi í sí?

"Àtúnṣe díẹ̀ ni."

"Àtúnṣe kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kò sírú ẹ̀ láàárọ̀?"

Ó já aṣọ náà gbà. Yéè! Apá òsì tí wọn ò tíì tú yí sódì, ojú rírán rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ. Nígbà tó ń rán an, ó gún régé lójú rẹ̀. Òun tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ! Ó yíjú sí àwọn aṣọ tó wà lára ìkọ́.

"Búlúù yẹn ńkọ́?"

"Mo tún un rán."

"Ti ìyàwó olùkọ́ tó ti gbé lọ?"

"Gbogbo ẹ̀ ni." Omi bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Láti ìgbà tó o ti ti ọsibítù dé lọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní ká má bà ọ́ nínú jẹ́. Mo ní tó o bá ṣáà ti ń lo oògùn rẹ, á lọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Kí wọ́n lè ní orí àbúrò mi ò tíì pé?"

Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀rín ló sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rín gbígbẹ kan tó ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Ó rántí ọjọ́ tí ìyàwó olùkọ́ wọ aṣọ ẹ̀, tó yí po níwájú dígí, tó ní, "Ọwọ́-Ẹ̀rọ ti padà dé o!" Bó ṣe délé lọ́jọ́ náà, ó da oògùn sínú ṣáláńgá. Ara tó ti yá, kí ló tún fẹ́ fi oògùn ṣe?

"Mi ò lò ó mọ́."

"O ò lo kí ni?"

"Oògùn. Mo ti dà á nù."

Bíléèdì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mo gbé! Ìyẹn ni o ò fi ń sùn mọ́, tí mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀? Kí ló dé tó o fi dá a dúró?"

Ó wo obìnrin tó ń jókòó síbí lọ́sọ̀ọ̀sán, tó ń tú, tó ń rán, nítorí tirẹ̀. Kò lè bínú sí i. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Torí pé iṣẹ́ mi dára."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó gbì.

Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bíléèdì nílẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí aṣọ náà, bó ṣe mọ́ ọn lára.

"Ẹ má tú apá òsì," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kí dókítà rí bí mo ṣe rán an."