Orin Tó Jò Jáde

Nígbà tí Inúmidùn dé ìsọ̀ Hezekiah lẹ́yìn gáréèjì Kábbà, hẹ́ẹ̀dìfóònù méjì péré ló kù tí agbára rẹ̀ ká. Àlòkù ni méjèèjì. Ọ̀kan dúdú, ó ní tìmùtìmù ńlá méjì tó ń bo etí pátápátá bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ dí i. Ẹ̀yìn èkejì rí bí asẹ́, ó fúyẹ́, ó sì mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí.

Dúdú yẹn ló kọ́kọ́ gbé. Awọ tìmùtìmù rẹ̀ ti ń ṣí, bó ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn níka. Nígbà tó gbé e súnmọ́ imú, òórùn òróró irun àti òógùn ẹni tí kò mọ̀ rí bò ó. Ó yí i padà, ó rí èérí etí tó ti gbẹ mọ́ inú àwọ̀n rẹ̀, èépá orí sì funfun lára ibi tó gba àárín orí kọjá. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ó gbé e padà sórí tábìlì, ó sì nu ọwọ́ mọ́ yẹ̀rì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Hezekiah kì í ṣe oníjìbìtì. Ó sọ fún un pé èyí tó dọ̀tí yẹn gan-an ló dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ orin nínú ilé tí èèyàn ń sùn, nítorí ohùn kì í jáde nínú rẹ̀. Ẹlẹ́yìn asẹ́ a máa jẹ́ kí èèyàn gbọ́ orin bó ṣe rí gan-an, kò ní bù mọ́ ọn, kò ní bù kúrò, ṣùgbọ́n ó ń jò; ẹni tó bá wà nítòsí yóò máa bá a gbọ́ ọ.

Ó ní, "Fi spíríìtì nu dúdú yìí. Ìdọ̀tí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Inúmidùn ní òun kò lè fi etí ẹlòmíràn bo etí òun. Ẹlẹ́yìn asẹ́ ló rà.

Olùkọ́ ìṣirò ni lójúmọmọ. Ní alẹ́, ó ń to orin pọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù nínú yàrá rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn kì í dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, iná mànàmáná pàápàá kì í sábà dé kó tó di aago mọ́kànlá. Òun àti Virtue ni wọ́n jọ ń gbé yàrá náà. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ni Virtue. Ìgbaruku ló ti wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Kábbà, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé kò pé ọdún kan tí wọ́n fi sọ ọ́ di aṣáájú akọrin nínú ìjọ wọn. Kó tó di aago mẹ́wàá, ó ti dùbúlẹ̀. Yóò kọjú sí ògiri, yóò fa aṣọ ìbora bo orí, ó parí. Ìdí nìyẹn tí Inúmidùn kò fi ka ọ̀rọ̀ Hezekiah sí.

Orin bàbá rẹ̀ ló ń ṣe lásìkò náà. Ní èṣí ni Dáníẹ́lì, bàbá rẹ̀, kú. Nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé Òkè-Bùkún, odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tó máa ń kún lákòókò òjò. Dáníẹ́lì á gbé ọmọ rẹ̀ léjìká, á fi okùn bàtà ọmọ náà kọ́ ọrùn ara rẹ̀, á sì bọ́ sómi. Inúmidùn ti rí ìlà méjì:

*Ó gbé mi léjìká kọjá odò,*
*Omi kò kan bàtà mi.*

Ìlà kẹta kò wá. Nígbà tó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan tí ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́, ó kàn fi ohun tó bá a lẹ́nu dí àlàfo náà: "yárá-lé, yárá-lé, yánrin-yárá-lé." Kò ní ìtumọ̀ kankan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń jókòó tì í lóru, tó ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò wọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, Virtue gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó tó di pé akọrin bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún ìjọ pé ní òru Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn òun, ó sì kọ́ òun ní orin. Ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀. *Ó gbé mi léjìká kọjá odò.* Inúmidùn kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń dún. *Omi kò kan bàtà mi.* Lẹ́yìn náà ni Virtue gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì kọ "yárá-lé, yárá-lé, yánrin-yárá-lé" gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú láptọ́ọ̀pù, títí kan ibi tí Inúmidùn ti ṣe àṣìṣe tó mí láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní èdè àwọn áńgẹ́lì ni, wọn kò tíì fún òun ní ìtumọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìjọ gbé e. Àwọn àgbàlagbà ń sunkún. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú Inúmidùn ń na ọwọ́ sókè, ó ń pariwo yárá-lé bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀ọ̀lẹ̀ tó jẹ láàárọ̀ gòkè wá sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó jáde, ó sì bì í sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìjọsìn.

Nígbà tí wọ́n délé, Virtue ṣì ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin aláṣọ funfun. Inúmidùn kò bá a jà. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù, ó yọ hẹ́ẹ̀dìfóònù kúrò, ó sì jẹ́ kí orin náà dún sí gbangba. Virtue jókòó sórí ibùsùn, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ojú kò tì í rárá. Ó jẹ́wọ́ pé òun kì í sùn, pé òru dé òru ni òun ń tẹ́tí sí i lábẹ́ aṣọ ìbora, títí ó fi mọ́ òun lórí.

"Ìwọ ì bá ti ká a mọ́ etí rẹ títí tí wàá fi darúgbó," ó ń jẹun lọ bó ṣe ń sọ ọ́, èépá ẹ̀pà sì lẹ̀ mọ́ ọn létè. "Mo gbé e jáde, àwọn èèyàn sunkún. Kí lo tún fẹ́ kí orin ṣe?"

"Bàbá mi ló wà nínú orin yẹn."

"Bàbá rẹ ti kú. Ọlọ́run ò kú."

Inúmidùn wo ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe ń jẹ ẹ̀pà lọ, ó sì mọ̀ pé òun kò lè sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Ó ká ẹní Virtue, ó gbé e lọ sí pálọ̀. Nígbà tí Màmá rẹ̀, Cecilia, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mi orí, ó ní òun kò lè lé ọmọ àbúrò òun padà sí Ìgbaruku nítorí orin. Ó wá ní kí Inúmidùn má bínú. Kì í kúkú ṣe ìbínú ló wà nínú rẹ̀. Bí Virtue bá bu omi mu, Inúmidùn a fọ ife kó tó lò ó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Díákónì Ebenezer, tó ń darí akọrin, wá sílé wọn. Àwọn ìjọ ní Ìyàrá àti Mọ̀pà ti ń béèrè orin áńgẹ́lì, ó sì fẹ́ kí Inúmidùn bá wọn gbà á sílẹ̀, nítorí òun ló mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ó ní kó rí i dájú pé yárá-lé dún ketekete. Inúmidùn ṣí láptọ́ọ̀pù. Ó fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sí i létí, ó fi ọjọ́ tí ó gba ohùn náà sílẹ̀ hàn án, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìkórè.

Díákónì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yọ ọ́ kúrò, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní obìnrin kan ti jẹ́rìí pé orin náà wo ẹsẹ̀ òun sàn. Ó ní àwọn tó ti gbàgbọ́ pọ̀.

"Kí la fẹ́ wá sọ fún wọn báyìí?" ló bi í. "Jẹ́ ká fi orúkọ rẹ sí i pé ìwọ lo tò ó. Ṣé ìyẹn ò tó?"

"Ẹ̀yin mọ̀ pé irọ́ ni, sà."

"Mo mọ̀," ni Díákónì wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ láti fi gbá a léjìká. Inúmidùn yẹ ejìká kúrò.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹlẹ́yìn asẹ́ padà lọ bá Hezekiah, ó fi gba dúdú, nítorí aṣọ ìkélé nìkan ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti pálọ̀ tí Virtue ń sùn. Ó fi spíríìtì àti òwú nù ún ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Òwú àkọ́kọ́ jáde ní dúdú, èkejì pọ́n, ẹ̀kẹta funfun. Nígbà tó gbé e sétí, ooru mú un, ó sì fún un lórí, ṣùgbọ́n òórùn ti lọ.

Òru ọjọ́ náà ni ìlà kẹta wá. Ó fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè wọ aṣọ funfun fún. Ó rántí pé bàbá òun kì í gbàdúrà bó bá wà nínú odò yẹn. Èébú ló máa ń bú omi títí yóò fi dé òdìkejì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀:

*Dáníẹ́lì ará Òkè-Bùkún, tábà ń rùn lẹ́nu rẹ̀,*
*Ó ń bú omi lọ, ó ń bú omi bọ̀.*

Ó parí orin náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè é, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹni tó mọ̀.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ní ó jí orin áńgẹ́lì Virtue. Wọ́n ní ìlara ló ń bá a jà, pé ó mú orin mímọ́ ó fi tábà sí i. Olùkọ́ bíi tirẹ̀ kan ní kó lọ tọrọ àforíjì. Inúmidùn ka gbogbo rẹ̀ tán, ó sì pa fóònù. Màmá rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi orin náà sétí òun. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ hẹ́ẹ̀dìfóònù, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe máa ń bú omi náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló wá yàrá sí ilé ọ̀gá tó ń kọ́ Virtue níṣẹ́, ó sì bá a kó ẹrù lọ síbẹ̀.

Títí di òní, wọ́n ṣì ń kọ yárá-lé nínú ìjọ yẹn. Inúmidùn kò lọ síbẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń pàdé Díákónì Ebenezer lójú ọ̀nà ọjà, Díákónì á sì yára kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kábbà, "Okun o, Inúmidùn." Màmá rẹ̀ ti sọ fún un pé kò dára kí ọmọdé gbọ́ okun lẹ́nu àgbà kó má dáhùn. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ti gbìyànjú láti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Itọ́ ló ń kún un lẹ́nu, òun náà á sì kọjá lọ.